Bí Òmùgọ̀ Ṣe Ń Fi Ìyàwó Rẹ̀ Yangàn ní Ṣómólú

Ìwọ tí ìyàwó rẹ ń ya iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, tó tún ń tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ní Shipeolu, ohun àkọ́kọ́ ni pé kí o má mọ ohun tó ń ṣe rárá. Ìmọ̀ a máa dín ariwo kù. Ṣáà máa sọ fáyé pé, "Madam mi ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà." Ó ti tó.

Lọ́jọ́ tí kàlẹ́ńdà bá ń jáde lórí Kord, ẹ̀rọ Heidelberg àtijọ́ tí wọ́n kó wá láti Jámánì, má tètè dé. Àwọ̀ kan ni Kord ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà bébà kan náà á gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́rin: sáyàn, màjẹ́ńtà, yẹ́lò, dúdú. Pléètì mẹ́rin nìyẹn, ọ̀kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ bọ́ sórí èkejì láìyẹ̀. Bó bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ètè olóyè inú fọ́tò á kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó rẹ á fa bébà kan yọ, á tẹ ojú mọ́ gíláàsì kékeré, á wo àmì àgbélébùú tó wà ní etí bébà náà, á ní kí wọ́n sún un díẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni kí o wọlé. "O ò tíì ṣe tán? Ṣebí ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ ẹ́!"

Bí àlejò bá bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, ìwọ ni kí o gba ọ̀rọ̀ náà sọ. Bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìwé títẹ̀ láti Abẹ́òkúta, níbi tí míṣọ́nnárì Henry Townsend ti gbé Ìwé Ìròyìn jáde ní 1859; yà sí CMS Grammar School, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún kan náà, tó wà ní Bàrígà lónìí. Kí o tó sọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ, àlejò ti wọ kẹ̀kẹ́ lọ.

Iṣẹ́ tó bá dára, "àwa" la ṣe é. Bí orúkọ olóògbé bá ní àṣìkọ nínú ìwé ètò ìsìnkú, "òun" ló ṣe é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dùn sí ni owó. Ọ̀rẹ́ rẹ kan ní Bàrígà fẹ́ ṣègbéyàwó, ṣèlérí IV, ìyẹn káàdì ìpè, fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Bébà gíráàmù 300 ńkọ́? Ìǹkì ńkọ́? Epo jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Èwo ni tìẹ níbẹ̀? Ìwọ ṣáà lawọ́. Nígbà tí pléètì bá jáde tán, tí ọ̀rẹ́ ní òun fẹ́ pààrọ̀ fọ́tò, dáhùn pé kò sí wàhálà. Fọ́tò kan yẹn á sọ pléètì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di pàǹtí, ṣùgbọ́n ta ló ń ka pléètì?

Ká sòótọ́, ọkọ báyìí ṣì sàn ju èyí tó ń jowú ìyàwó rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Kò kàn fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀ ni.

Bí ìmọ̀ràn yìí kò bá wù ọ́, iṣẹ́ rẹ pọ̀. Wàá jókòó tì í lóru, wàá gba gíláàsì náà wò, wàá bi í pé èwo ni màjẹ́ńtà. Bí ọ̀rẹ́ bá sì dé, wàá ní, "Ìyàwó mi ló ṣe é, òun ni kó o bá dúnàá-dúrà." Ọ̀rẹ́ á san. Kò síbi tí wọ́n ti ń tẹ káàdì lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ṣómólú.