Nọ́ńbà Píọ́ Wọ́tà Lára Ọṣẹ Dúdú

Gbogbo àwa tí a ń ta ọṣẹ ní Lálúpọn la mọ NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn. Láti ìgbà tí Dora Akúnyìlí ti di ọ̀gá níbẹ̀ ní 2001 ni rédíò kò ti sinmi lórí oògùn ayédèrú. Èmi gbà pé ọ̀rọ̀ oníkẹ́míìsì àti olómi ni. Kí ló kàn mí níbẹ̀? Èèpo kòkó ni mo ń sun, mo ń sẹ́ omi eérú rẹ̀, mo ń dà á sí àdín lórí iná, mo ń rò ó títí yóò fi dì. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe é, kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba kankan. Ilé ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ pàápàá ń fi eérú èèpo kòkó ṣe ọṣẹ. Mo ti sọ ìyẹn di ìwé ẹ̀rí tèmi.

Ìgbà tí mo ní n kò ta ọṣẹ nínú ewé mọ́, pé mo fẹ́ di kọ́ńpìnnì, ni wàhálà dé. Mo ra ike, mo lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń tẹ lébẹ́ẹ̀lì ní Ìwó Róòdù.

"Mọ́mì, kí ni kí n kọ sí i?"

Mo ní kó kọ pé ó ń wo èélá, lápálápá àti jẹ̀díjẹ̀dí. Àyè ṣì kù nísàlẹ̀, mo ní kó fi kún un pé ó ń fa ojú rere. Àwọn ọ̀dọ́ kì í sì í wo ohun tí kò bá ní í sọ wọ́n di pupa, torí náà mo ní kó kọ ọ́ gàdàgbà: "Pupa láàárín ọjọ́ 7."

"Nọ́ńbà NAFDAC ńkọ́, Mọ́mì?"

Òùngbẹ ń gbẹ mí lọ́jọ́ náà, ọ̀rá píọ́ wọ́tà sì wà lọ́wọ́ mi. Mo nà án sí i. "Kọ èyí."

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mo ti jẹ́wọ́.

Ọṣẹ náà tà ní Ìyànà Ọ̀fà, ó tà ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó dé Àkànràn. Mọníyà ló ti pàdé ẹni tó mọ̀wé. Bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé awò ojú wọ̀, ó ka lébẹ́ẹ̀lì mi láti òkè délẹ̀. "Jẹ̀díjẹ̀dí? Ṣé wọ́n á fi wẹ̀ ni, àbí wọ́n á jẹ ẹ́?" Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá fẹ́ lo oògùn, ó ra píọ́ wọ́tà lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri. Ẹni tó bá sì ń ka nǹkan, kò sí ohun tí kì í kà. Ó wo ọ̀rá omi, ó wo ike mi, ó tún wo ọ̀rá.

"Ìyá ọlọ́ṣẹ, ṣé ìyá kan náà ló bí omi yìí àti ọṣẹ yín?"

Òun ló là mí lóye pé láti 1993 ni òfin ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ìpara tàbí irú ọṣẹ yìí, kó má tà á, kó má tilẹ̀ polówó rẹ̀, bí kò bá tíì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Owó ìtanràn lè tó ₦50,000, ẹ̀wọ̀n lè tó ọdún méjì, wọ́n sì lè kó méjèèjì pọ̀ fúnni. Mo palẹ̀ ọjà mọ́ kí Bàbá tó gbé omi mì.

Nígbà tí mo lọ wádìí ní ọ́fíìsì NAFDAC, ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn bọ̀wọ̀ fún mi gan-an. "Ẹ jókòó, mà. Kí ló ń sọ wọ́n di pupa nínú rẹ̀? Ṣé mẹ́kúrì ni?" Àyà mi já. Ó ní mẹ́kúrì kò gbọdọ̀ sí nínú ìpara rárá, háídírókúínónì kò sì gbọdọ̀ ju ìdá 2 nínú 100 lọ. Ẹ wá wo èmi tí mo ń bẹ̀bẹ̀ pé ọṣẹ mi kò lè sọ ẹnikẹ́ni di pupa, pé irọ́ ni mo pa mọ́ ọn! Ó ní ohun tó bá ti ní òun ń wo àrùn ti kúrò ní ohun ìṣaralóge, ó ti di oògùn, ọ̀nà oògùn ni yóò sì gbà. Ó wá dákẹ́ díẹ̀. "Èyí ojú rere yìí, mà, báwo ni láàbù ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò?"

Mo ní láti forúkọ òwò sílẹ̀ ní CAC, kí n gba ìwé lórí orúkọ ọjà, kí wọ́n wá wo ibi iṣẹ́ mi, kí láàbù yẹ ọṣẹ wò. Ibi iṣẹ́ yẹn ló dùn mí jù. Ilé ìdáná mi ni. Adìẹ kan ti sàba nínú agbada tí mo fi ń po ọṣẹ, mo sì ti ń yẹra fún un.

Mo ní kí n gba ẹ̀yìnkùlé. Mo fi ọṣẹ ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Peckham, ní London, kó máa bá mi tà á. Ó pè mí: "Àǹtí, ẹ rọra o." Níbẹ̀, onímọ̀ gbọ́dọ̀ kọ ìwé pé kò ní í pa ẹnikẹ́ni lára, ẹnìkan tó ní àdírẹ́sì lọ́hùn-ún gbọ́dọ̀ dúró fún un, kí wọ́n sì fi tó ìjọba létí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó ta ẹyọ kan. Ìfitónilétí fúnra rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀. Onímọ̀ yẹn ni kì í ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. "Bí ara ẹnikẹ́ni bá sì bó, Àǹtí, èmi ni wọ́n máa wá bá." Ó ń fi ọṣẹ náà wẹ̀ ní tirẹ̀, ó ní ó dára.

Ìwé CAC ti jáde. Mo ń kọ́ yàrá kan sẹ́yìn ilé, adìẹ kò ní í débẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ra ọṣẹ onínọ́ńbà omi lọ́wọ́ mi, ẹ mú un padà wá sí Lálúpọn, màá dá owó yín padà. Ẹni tó bá ti fi wẹ̀ tán, tí kò sì rí ojú rere, kó jọ̀ọ́, kó dárí jì mí.