Ẹni Tó Gun Ọ̀ọ́dúnrún Ẹṣin

Àwọn àgbà ní ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ẹni tí wọ́n ń bá wí kò ṣòro dá mọ̀. Ìjòyè ni tàbí balógun, ẹni tó jókòó sókè tó ń wo àtàrí ọmọ aráyé. Ẹṣin kì í ṣe ohun àmúṣeré ní Ọ̀yọ́ àtijọ́. Òkè Ọya ni wọ́n ti ń rà á wá ní owó gọbọi, eṣinṣin inú igbó tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran a sì máa pa á bó bá ti ń sún mọ́ gúúsù. Ẹni tó bá ní ẹṣin gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò máa gé koríko, ẹni tí yóò máa fa ìjánu, àti àpò tí kì í gbẹ. Ìdí nìyẹn tí òwe náà fi dùn létí mẹ̀kúnnù. Bó ti wù kí ọlọ́lá ga tó lórí gàárì, bó bá dalẹ́, yóò sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò sì fi wọlé. Ọ̀fẹ́ ni ilẹ̀, kò sì sẹ́ni tí kò gbà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn àgbà kò sọ. Wọn kò sọ iye tí sísọ̀kalẹ̀ máa náni. Wọ́n rò pé ẹni tó bá ti bọ́ sílẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ìnáwó, wọ́n sì rò pé orí gàárì ni ìgbéraga máa ń kù sí. Wọn kò tíì pàdé ọmọ wa kan tó ń gbé ní Kent, ní Ìlú Ọba. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Bàbá Ìbejì, nítorí irú rẹ̀ pọ̀, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá lọ́yà.

Ẹṣin ti Bàbá Ìbejì kì í jẹ koríko. James Watt, ará Scotland tó ń ta ẹ́ńjìnnì olóoru ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ló ń wá bí yóò ṣe yé àwọn oníbàárà rẹ̀ pé iṣẹ́ ẹṣin mélòó ni ẹ̀rọ òun lè ṣe. Láti ìgbà náà la ti ń fi ẹṣin ka agbára ẹ́ńjìnnì. Ẹṣin kan tó nǹkan bíi wátì 746. Ti àwọn ará Jámánì fi díẹ̀ kéré sí i. Ọkọ̀ tí Bàbá Ìbejì rà ni Volkswagen Golf R, ìran keje, tí àwọn ará Jámánì ka ẹṣin rẹ̀ sí 300. Ọ̀ọ́dúnrún ẹṣin! Ká ní wọ́n kó wọn jọ sí ẹnubodè ìlú kan láyé ogun, wọn ì bá má tíì ta ọfà kan tí ará ìlú fi máa sá tán.

Kí ni Bàbá Ìbejì wá ń fi wọ́n ṣe? Ó ń gbé àwọn ìbejì lọ sílé ìwé, ní àdúgbò tí pátákó ti ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ju máìlì 20 lọ ní wákàtí. Lẹ́yìn ìyẹn, á bọ́ sí M25, ọ̀nà tó yí Lọ́ńdọ̀nù ká ní máìlì 117. Òfin ibẹ̀ kò gbà ju 70 lọ, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ibẹ̀ kì í sì í sábà jẹ́ kí èèyàn rí 70 ọ̀hún. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ti rí irú rẹ̀ ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, nígbà tí àwọn jagunjagun Ìbàdàn jẹ́ kó yé wọn pé ẹṣin tó ń fò fẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dàn kò rí àyè fò nínú igbó. Ọ̀tọ̀ ni kí agbára wà, ọ̀tọ̀ ni kí ibi tí a ó ti lò ó wà.

Ṣùgbọ́n lójú Bàbá Ìbejì, kì í ṣe ọ̀nà ni kò gba ẹṣin. Ẹṣin ni kò tó.

Bí àtúnṣe ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe é ti tò ó ní ìpele: Stage 1, Stage 2, Stage 3. Ìpele kìíní kò la irin lọ rárá. Ẹnì kan á ki wáyà bọ ọkọ̀ láti ara kọ̀ǹpútà, á yí àṣẹ tí wọ́n fún ẹ́ńjìnnì padà kí tọ́bò lè fẹ́ atẹ́gùn sí i, kí epo náà sì pọ̀ sí i. Kó tó mu kọfí tán, ẹṣin 300 ti lé ní 350. Bàbá Ìbejì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ní Jámánì fi agbára pamọ́ fún òun ni.

Òótọ́ ni pé wọ́n fi nǹkan sílẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ nítorí ọjọ́ tí ooru bá mú, nítorí epo tí kò dára, nítorí ọjọ́ ogbó, àti nítorí ọlọ́kọ̀ tó ń gbàgbé láti pààrọ̀ ọ́ìlì. Ohun tí wọ́n fi ṣe ààbò ẹ́ńjìnnì ni Bàbá Ìbejì pè ní ẹ̀bùn. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Kò pẹ́ tí kílọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, nítorí kò rò ó tẹ́lẹ̀ pé òun máa gbé ẹrù tó tó yẹn. Wọ́n ra kílọ́ọ̀ṣì tó le. Ọkọ̀ wá ń sáré ju bíréèkì lọ, wọ́n ra bíréèkì ńlá. Bíréèkì ńlá kò rí ilẹ̀ dì mú, wọ́n ra táyà. Wọ́n wá fi sípíríǹgì kúkúrú rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ kí táyà lè di ilẹ̀ mú, ìgbà yẹn ni gbogbo òkìtì tí ìjọba ṣe sójú títì wá di ọ̀tá ìdílé wọn. Bí ìyà ńlá bá gbéni ṣánlẹ̀, kékeré a máa gorí ẹni.

Ẹ má gbàgbé sàlẹ́ńsà. Ní ìpele kejì, wọ́n yọ àsẹ́ tó ń fọ èéfín mọ́, kí ẹ́ńjìnnì lè mí dáadáa. Ṣùgbọ́n ní Ìlú Ọba, bí ọkọ̀ bá ti pé ọdún mẹ́ta, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní MOT. Ọkọ̀ tó gba àsẹ́ yẹn wáyé tí kò sì ní in mọ́ kò ní yege. Torí náà, Bàbá Ìbejì a máa sanwó lọ́dọọdún kí wọ́n dá sàlẹ́ńsà àtijọ́ padà, bó bá yege tán, á tún sanwó kí wọ́n yọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní kí ó sọ gbogbo ohun tó bá yí padà lára ọkọ̀, nítorí bí ó bá fi pamọ́ tí jàǹbá ṣẹlẹ̀, wọ́n lè ní àwọn kò bá a mulẹ̀ rí. Ó sọ fún wọn. Iye tí wọ́n bù lé e ni kò sọ fún Ìyá Ìbejì.

Èyí tó wá burú jù ni ìbọn. Wọ́n pa á láṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé bí ẹsẹ̀ bá ti kúrò lórí epo, kí epo díẹ̀ lọ jóná nínú sàlẹ́ńsà, kó lè máa dún gbàmù-gbàmù. Kò fi ìṣísẹ̀ kan kún eré ọkọ̀. Ariwo lásán ni. Arábìnrin wa kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ṣe iṣẹ́ òru tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn, jáde síta láàárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú ìró lórí.

“Bàbá Ìbejì, ẹ kú ogun o. Ṣé a ti ń ṣẹ́gun?”

“Ẹ má bínú, Àǹtí mi. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni.”

“Wọ́n? Ta ni wọ́n?”

Nígbà tó fẹ́ ta ọkọ̀ náà, ó rò pé ẹni tó bá rà á yóò san owó ọkọ̀, yóò san owó bíréèkì, yóò sì san owó ìbọn. Àwọn tó wá wò ó ń béèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé bí wọ́n ṣe ṣe é nílé-iṣẹ́ ló ṣì wà? Ó tún lọ sanwó fún mẹkáníìkì kó tú gbogbo rẹ̀.

Kí ló mú un tà á? Dókítà ló sọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ikùn ń yọ, ó ní kí ó máa lo ara rẹ̀. Ẹni gẹṣin, àkókò ilẹ̀ dé. Ìyá Ìbejì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó rò pé ìsinmi ti dé bá àpò àwọn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ni Bàbá Ìbejì yàn. Ó ní òun máa ra kẹ̀kẹ́, kì í sì í ṣe kẹ̀kẹ́ lásán. Gravel bike ni, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ kọ́rọ́ bíi ti àwọn asáré-ìje, tí táyà rẹ̀ sì fẹ̀ tó láti gba ojú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà.

Ohun gidi ni kẹ̀kẹ́ yìí níbi tó ti wá. Ní Emporia, ní ìpínlẹ̀ Kansas, ìdíje kan wà láti 2006, tí wọ́n ń pè ní Unbound Gravel báyìí, tí àwọn èèyàn ti ń fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ ní 200 máìlì lórí òkúta ṣóńṣó tó ń gé táyà. Ní 2022 ni wọ́n ṣe ìdíje àgbáyé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Ítálì. Àwọn wọ̀nyẹn nílò ohun tí wọ́n rà. Bàbá Ìbejì ń lọ sí ẹ̀yìn ọgbà ìtura.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mú kẹ̀kẹ́ yìí, nǹkan mẹ́ta ni kó kọ́kọ́ wò. Kí ó bá ara rẹ̀ mu, kí ẹ̀yìn àti ọrùn má baà máa dun ún. Kí àyè wà fún táyà tó tó mílímítà 40 sí 45. Kí jíà rẹ̀ rọ̀ tó fún òkè, kí eyín iwájú má pọ̀ ju ti ẹ̀yìn tó tóbi jù lọ. 40 níwájú, 44 lẹ́yìn, ó ti tó. Ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ kan ni. Oṣù méjì ni Bàbá Ìbejì fi ṣe é. Ṣé kábọ̀n ni àbí titanium? Ṣé eyín kan níwájú ni àbí méjì? Ṣé jíà oníwáyà ni àbí èyí tí wọ́n ń fi iná kún bíi fóònù? Ó ra kábọ̀n, ó ra jíà oníná. Ó tún yọ àwọn bóòtù irin, ó fi ti titanium rọ́pò wọn, kí kẹ̀kẹ́ lè fi gíráàmù mélòó kan fúyẹ́. Ikùn tí dókítà sọ ṣì wà níbẹ̀, ó ń wò wọ́n.

“Bàbá Ìbejì, ilẹ̀ náà lẹ ń bọ̀ yìí. Kí ló dé tó fi wọ́n tó báyìí?”

“Kò yé ẹ ni, ìyàwó mi. Adventure ni.”

Bàbá tó bí Bàbá Ìbejì ní kẹ̀kẹ́ náà láyé rẹ̀. Raleigh ni, ológèéré dúdú tí wọ́n ṣe ní Nottingham, tí kò ju ìrìn wákàtí mélòó kan lọ sí ilé tí ọmọ rẹ̀ ń gbé lónìí. Kò ní jíà. Ọ̀pá irin ló ń fa bíréèkì rẹ̀. Táyà rẹ̀ fẹ̀ ní ínṣì kan àti ààbọ̀. Nǹkan bíi mílímítà 40 náà nìyẹn, bó ti wà lára kábọ̀n ọmọ. Ó ń fi í gba ojú ọ̀nà erùpẹ̀ pupa lọ sí oko kòkó lẹ́yìn Oǹdó, ó ń fi í gbé àpò kòkó, agbè ẹmu àti ìyá ọmọ. Kò pè é ní adventure. Ó ní òun ń lọ sóko.

Ní Sátidé, Bàbá Ìbejì gbé kẹ̀kẹ́ lọ sí South Downs Way, ọ̀nà 100 máìlì tó lọ láti Winchester dé Eastbourne. Ọ̀nà ẹṣin ni òfin pe apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọdún 1968 ni òfin fún oníkẹ̀kẹ́ láyè láti máa gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní Ìngìláńdì àti Wales, ó sì fi àdéhùn kan sí i: kí oníkẹ̀kẹ́ yà fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, kí ó sì yà fún ẹlẹ́ṣin. Ẹni tó bá ń tẹ kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú wátì 200 ń gbìyànjú gan-an; ìyẹn ju ìdá mẹ́rin ẹṣin kan lọ díẹ̀. Ibi tí olówó ọ̀ọ́dúnrún ẹṣin já sí nìyẹn. Ọmọbìnrin kékeré kan gun ẹṣin gidi dé, ẹyọ kan ṣoṣo. Bàbá Ìbejì sọ̀ kalẹ̀, ó wọnú èsìsì, ọmọ náà kí i, ó kọjá.

Mi ò bá ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ jà. Ẹni tó bá gbé tirẹ̀ lọ sí pápá ìsáré Brands Hatch, tó kọ́ ibi tí wọ́n ti ń tẹ bíréèkì, ti wá ilẹ̀ fún ẹṣin rẹ̀. Ẹni tó bá fi kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú rin ìrìn wákàtí méjì lọ́sẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì wálẹ̀, ti jèrè. Àwọn àgbà ni mo bá wí, wọn kò mọ̀ pé ìgbéraga lè kọ́ bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ó bá Bàbá Ìbejì sọ̀, ó wọ ṣòkòtò tó fún mọ́ra, ó ń béèrè iye tí ilẹ̀ jẹ́.

Ọjọ́ kejì, ó wọ ilé ìtajà. Ó ní òkè ibẹ̀ yẹn ga. Ọmọ tó ń tajà mú un lọ síbi àwọn gravel bike tó ní mọ́tò. Ó ṣàlàyé fún un pé wátì 250 ni òfin gbà, ìyẹn ìdá mẹ́ta ẹṣin kan. Bó bá ti dé máìlì 15.5 ní wákàtí, mọ́tò á dáwọ́ dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá tú okùn yẹn, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ mọ́ lójú òfin, alùpùpù ni, ó sì máa gba nọ́ńbà àti adójútòfò. Bàbá Ìbejì fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yẹ ibi tí mọ́tò wà wò dáadáa. Ó wá béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti ṣe Stage 1 fún un.