Èló Lẹ Rò Pé Mo Rà Á?

Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí kò bá gbé nítòsí yín, a jẹ́ pé ẹ jọ ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ni. Ẹ kò ní tíì kí i tán tí yóò fi na ẹsẹ̀ síwájú kí ẹ lè rí bàtà rẹ̀, tí yóò sì bi yín pé, "Èló lẹ rò pé mo rà á?" Ẹ má ṣe dáhùn wàràwàrà. Bí ẹ bá pe 5,000, yóò rẹ́rìn-ín, yóò mi orí. Bí ẹ bá pe 2,000, ojú rẹ̀ á fà ro, nítorí ẹ ti sún mọ́ òótọ́ jù. Ẹni tó bá láàánú a máa pe 20,000, kí ọkùnrin náà lè fi ayọ̀ kéde pé 1,500 péré ni, ní Ìwó Ròòdù, lọ́wọ́ ọmọdékùnrin kan tí òjò fẹ́ pa ọjà rẹ̀.

Bàbá Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn rẹ̀. Ó lè jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ó lè jẹ́ ọ̀dọ́ báńkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé sí Àkóbọ̀. Kì í ṣe aláìní, ẹ jọ̀ọ́, kí á má da ọ̀rọ̀ pọ̀. Láti 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti ní owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán, ta ni kò ṣọ́wó ná nílùú Ìbàdàn? Ìyá tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń ṣa òkìríkà fún ọmọ mẹ́ta kò sí lára àwọn tí mò ń bá wí. Ìyẹn kì í béèrè èló lẹ rò pé òun rà á. Kò tilẹ̀ fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé òun lọ sídìí òkìríkà.

Ẹ jẹ́ ká wọlé Bàbá Ọ̀pọ̀. Fíríìjì Bẹ́líjíọ̀mù ló máa kọ́kọ́ kí yín, nítorí ohùn rẹ̀ ju ti onílé lọ. Ó rà á ní ìlàjì owó tuntun, kò sì sí àlejò tí kò tíì gbọ́ ìtàn náà. Ohun tí àlejò kì í gbọ́ ni pé àdúgbò náà wà ní Báàńdì A, àwọn tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, gbé owó iná wọn sí náírà 225 fún yúníìtì kan ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Fíríìjì àtijọ́ kò mọ Báàńdì A, iná ṣáà ni tirẹ̀. Bàbá Ọ̀pọ̀ wá ń pa á lálẹ́ kí mítà má baà sáré, ọbẹ̀ ń kan, wọ́n ń dà á nù. Ó ní ọbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi fíríìjì.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ni kóòtù onírun kan rọ̀ sí, irú èyí tí àwọn ará ìlú yìnyín ń wọ̀. Òfin ilẹ̀ wa ka aṣọ àlòkù mọ́ àwọn ọjà tí kò gbọdọ̀ wọlé, ṣùgbọ́n bélì aṣọ ń ti Kútọnu wá bó ti ń wá látijọ́, kóòtù yìí sì bá wọn wá. Èló lẹ rò pé ó rà á? Ó ní ọyẹ́ ń bọ̀. Ọyẹ́ dé, ó lọ, ó tún dé, kóòtù kò kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Áyọ̀nù mẹ́ta ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, méjì kò gbóná, ẹ̀kẹta tó gbóná ń jó aṣọ. Ẹni tó tà wọ́n fún un fi ẹ̀kẹta ṣe èènì, inú rẹ̀ sì dùn débi pé kò dán an wò.

Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ ńlá. Àwọn ará ìgboro bíi tirẹ̀ gbà pé oko ni ọjà wà lọ́pọ̀, pé àwọn alájàpá ló ń ba nǹkan jẹ́ kó tó dé Bódìjà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Bàbá Ọ̀pọ̀ da epo kún Nissan tòkúnbọ̀ rẹ̀, ó gba Ọlọ́runsògo, ó forí lé Akanran. Ihò ojú ọ̀nà gba táyà kan lọ́wọ́ rẹ̀, fọkanáísà gba tirẹ̀, ebi dé, ó jẹ mọ́ínmọ́ín. Nínú ìṣirò Bàbá Ọ̀pọ̀, gbogbo ìyẹn kì í ṣe owó. Iṣu nìkan ló ń jẹ́ owó.

Ìyá oníṣu ti gbọ́ ikọ́ mọ́tò náà kó tó yọ. Iṣu mẹ́wàá tó ta ní 9,000 fún oníbàárà tó gun ọ̀kadà wá láàárọ̀, ó ti tún un tò.

"Ìyá mi, ẹ kú ọjà o. Èló nìwọ̀nyí?"

"Ẹ káàbọ̀, Dádì. 15,000 ni."

"Háà! Ṣé góòlù lẹ gbìn ni?"

"Ẹ sọ tẹnu yín, Dádì."

"5,000."

Ìyá náà káwọ́ lérí, ó pe Ọlọ́run, ó ní ọmọ òun wà níléèwé. Bàbá Ọ̀pọ̀ yíjú padà, ó rọra ń lọ sídìí mọ́tò, ó ń ka ìṣísẹ̀, ó ń retí ìpè. Ìpè dé nígbà tó di ilẹ̀kùn mú. Wọ́n parí rẹ̀ sí 10,000. Ó ń fò fẹ̀rẹ̀ bí ó ti ń kó iṣu sẹ́yìn ọkọ̀, nítorí ó ti já 5,000 lulẹ̀. Ìyá náà kò parọ́ fún un o. Ìdùnnú ló wá rà, wọ́n sì tà á fún un, iye rẹ̀ jẹ́ 1,000.

Ẹ sì wo ibi tó ti wá ń nájà! Agbègbè Akanran yìí ni Tàfá Adéoyè àti ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ̀kòyà ti dojú kọ ìjọba ológun lórí owó orí ní 1968 sí 1969. Ṣílè 30 làwọn àgbẹ̀ ní àwọn lè san. Ìjọba kọ̀, ìbọn dún, ẹ̀mí ṣòfò, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ló wá wọ oko lọ bá wọn sọ̀rọ̀, kí owó orí tó wálẹ̀ sí pọ́n-ùn 2, tí í ṣe ṣílè 40. Ọmọ-ọmọ àwọn tó bá ìjọba onífilà irin dúnàá-dúrà ni Bàbá Ọ̀pọ̀ fẹ́ fi ẹ̀yìn tó kọ sí i dẹ́rù bà.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tó mọ àlòkù rà, ẹ lọ dúró sídìí òkìríkà lọ́jà oko. Ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ pákí a gbé aṣọ sókè sójú oòrùn, a fa ojú rírán rẹ̀, a gbóòórùn abíyá, a fa síìpù lọ fà á bọ̀. Ẹyọ kan ló rà. Ó sanwó, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìyàwó Bàbá Ọ̀pọ̀ lọ̀gá wọn, ṣá. Tíṣà ni, Bódìjà ló ti ń rajà bó bá ti ń ti iṣẹ́ bọ̀. Látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti bá a jà lálẹ́ kan títí dé ìdájí lórí owó ata, ló ti wá ọgbọ́n dá. Kóńgò gààrì tó bá rà ní 1,000, 700 ni yóò pè é nílé, yóò fi owó tirẹ̀ dí 300. Ilé tòrò. Ọkọ ń yìn ín lójú àlejò, ó ní òun lòun kọ́ ọ.

Ohun tí obìnrin náà kò rò ni pé Bàbá Ọ̀pọ̀ yóò fẹ́ mọ oníṣòwò náà. Ó da epo sí Nissan, ó dé Bódìjà, ó ń ti ìsọ̀ dé ìsọ̀ béèrè ìyá onígààrì tó ń ta kóńgò ní 700. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ẹnìkan bú u. Ó padà sílé lọ́sàn-án gangan, ó ní òun kò rí i.

"Àṣé ẹ ò mọ̀, Dádì," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó ń bó ẹ̀gúsí. "Ó ti kó lọ sí Mọníyà, lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣí ní 2021 yẹn."

Bàbá Ọ̀pọ̀ ronú díẹ̀, ó ní kò burú, òun á lọ bá a níbẹ̀ ní Sátidé, àti pé kí ìyàwó òun wá àpò ńlá méjì sílẹ̀.