Ìyá Ẹlẹ́ja àti Bàbá Tíṣà: Ta Ló Se Omi Tefé?

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Bàbá Tíṣà! Ojú yín tún ti le koko. Owó ìfẹ̀yìntì yẹn náà ni?

BÀBÁ TÍṢÀ: Ìyá Ẹlẹ́ja. Ọ̀rọ̀ owó kọ́ lónìí. Bràsíìlì ló ń bí mi nínú.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Bọ́ọ̀lù! Mo ti ní kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru yé wo bọ́ọ̀lù.

BÀBÁ TÍṢÀ: Bọ́ọ̀lù kọ́ o. Dọ́fínì inú odò Amazon ni. Ẹ ò rántí èyí tí a jọ wò lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 2023, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ kó òkú wọn lójú adágún Tefé?

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Àwọn pupa rẹ́súrẹ́sú yẹn? Mo rántí dáadáa. Mo ní ẹja tó sanra tó báyìí, tí ìdajì rẹ̀ bá dé orí àtẹ mi, ilé ti kọ́ tán nìyẹn.

BÀBÁ TÍṢÀ: Ẹ má fi wọ́n ṣàwàdà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹran tó ń lóyún ni, nǹkan bí oṣù mọ́kànlá, ọmọ kan ṣoṣo ló ń bí, á sì fún un lọ́mú. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, àádọ́rin òkú ni wọ́n rí lọ́jọ́ kan péré. Kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀, iye tó kú ní Tefé nìkan ti lé ní 200.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Májèlé ni wọ́n dà sómi?

BÀBÁ TÍṢÀ: Ooru ni. Ìyá Ẹlẹ́ja, ara yín bí ẹ ṣe jókòó yìí, nǹkan bí 37 ni lójú ẹ̀rọ tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wo ibà. Tó bá gòkè dé 41, gbogbo ọjà á ti gbé yín dé ilé ìwòsàn. Omi tí àwọn ẹran yìí ń gbé inú rẹ̀ ló dé 41, láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí ọ̀dá ti fà á débi pé kò jìn ju mítà méjì lọ. Bí wọ́n rì, ó gbóná. Bí wọ́n yọrí, oòrùn wà níbẹ̀.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Wọn ò lè wẹ̀ bọ́ sójú odò ńlá ni?

BÀBÁ TÍṢÀ: Kò rọrùn, omi ti fà púpọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò jáde kúrò nínú adágún. Omi náà bọ̀ wọ́n.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Háà. Kò kúkú sí bí a ti fẹ́ ṣe é. Ọlọ́run ló ni òjò, òun náà ló ni oòrùn.

BÀBÁ TÍṢÀ: Gbólóhùn tí mi ò fẹ́ gbọ́ nìyẹn! Èéfín epo rọ̀bì àti ti èédú tí ayé ń sun ló ń mú ayé gbóná, àwọn onímọ̀ sì ti sọ ọ́ títí ohùn wọn fi há. Bràsíìlì mọ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n débi pé wọ́n pe gbogbo ayé sí Belém, lẹ́nu odò Amazon gan-an, fún ìpàdé ńlá lórí ojú ọjọ́ ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 2025. Ẹ wá gbọ́ o: ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta géérégé kí àlejò tó dé, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo àyíká níbẹ̀ fún iléeṣẹ́ epo Petrobras níwèé àṣẹ láti gbẹ́ epo wò lójú òkun tó kọjú sí ẹnu odò Amazon kan náà.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?

BÀBÁ TÍṢÀ: Mẹ́ta. Àlejò wá dé, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n jiyàn mọ́jú. Nígbà tí ìwé ìpinnu máa jáde, wọn ò dárúkọ epo rọ̀bì síbẹ̀.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Ẹ jẹ́ n bi yín o, kí ẹ má bínú. Màrúwá tó gbé yín wá síbí, ṣé omi ló ń mu? Orílẹ̀-èdè tiwa yìí ńkọ́, ṣé orí epo kọ́ la ti ń jẹun?

BÀBÁ TÍṢÀ: Orí epo náà ni, ẹni tó bá sì dé Ògóníland á rí ohun tí epo fi ojú odò rí níbẹ̀. Ìdí gan-an tí mi ò fi lè dákẹ́ nìyẹn. Kò yẹ kí ẹni tó ń ṣọ́ Amazon fún gbogbo ayé tún máa wá epo lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Ó dáa. Àwọn ará etí odò ibẹ̀ ńkọ́, kí ni wọ́n ń sọ?

BÀBÁ TÍṢÀ: Boto ni wọ́n ń pe dọ́fínì náà. Wọ́n ní tó bá di alẹ́ ọdún inú oṣù kẹfà, boto á di ọkùnrin arẹwà, á wọ aṣọ funfun, á wá bá wọn jó, kò sì ní ṣí fìlà lórí kí wọ́n má baà rí ihò tó fi ń mí. Ọmọbìnrin tó bá tẹ̀ lé e lọ sétí odò, oyún dé. Ọmọ tí kò bá mọ bàbá rẹ̀, ọmọ boto ni wọ́n ń pè é.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Yéè! Bàbá Tíṣà, ẹ dúró ná. Ẹ̀gbọ́n tó ń ta símẹ́ǹtì ní ìsọ̀ kejì yẹn, ta ló ti rí i láìdé fìlà rí?

BÀBÁ TÍṢÀ: Ẹ fi ọmọlúàbí yẹn sílẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ̀rù ìtàn yìí ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fọwọ́ kan boto láyé àtijọ́. Ọjà ló wá borí ẹ̀rù. Ní Kòlóńbíà, ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní capaz, odò Magdalena ló ti ń wá. Wọ́n pa á títí ó fi wọ́n. Àwọn oníṣòwò wá rí òmíràn ní Amazon, piracatinga, tó jọ ọ́. Òkú ẹran ni piracatinga ń jẹ. Àwọn apẹja á gún boto pa, wọ́n á gé e, wọ́n á so ó mọ́ inú àpótí pákó tó wà nínú omi létí odò. Òórùn rẹ̀ á fa ẹja wá rẹpẹtẹ, wọ́n á máa fọwọ́ kó o. Tó bá dé Kòlóńbíà nígbà náà, wọ́n á tà á lórúkọ capaz.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Kí ni ẹ wí? Wọ́n ń fi orúkọ ẹja kan ta òmíràn? Ẹni tó bá pe àrọ̀ ní ọ̀bọ̀kún fún oníbàárà lọ́jà yìí, ẹgbẹ́ á ti ìsọ̀ rẹ̀ pa!

BÀBÁ TÍṢÀ: Mákúrì, irin olóró, tún kún inú piracatinga yẹn. Òun ló jẹ́ kí Kòlóńbíà fòfin de títà rẹ̀ lọ́dún 2017. Bràsíìlì ti kọ́kọ́ ní kí wọ́n má pa piracatinga láti 2015, fún ọdún márùn-ún. Ọdún márùn-ún péré láti gba boto sílẹ̀, ẹran tó ń bí ọ̀kan ṣoṣo! Láti 1987 sì ni òfin ti wà níbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa dọ́fínì. Ní Mamirauá, ní Amazon ti Bràsíìlì, níbi tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Vera da Silva àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kà wọ́n láti 1994 dé 2017, ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni iye boto ń já sí ìdajì.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Ẹ má gbàgbé pé ebi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Apẹja tó ń gún un, ọmọ rẹ̀ fẹ́ jẹun. Èmi tí mò ń jí ra ẹja mọ ojú àwọn apẹja. Bí ẹ bá gba àwọ̀n lọ́wọ́ ẹni, kí lẹ fẹ́ fi lé e lọ́wọ́?

BÀBÁ TÍṢÀ: Òótọ́ lẹ sọ, Ṣáínà sì ti dáhùn rẹ̀, bó tilẹ̀ pẹ́. Dọ́fínì kan wà lódò Yangtze, baiji. Ìwọ̀, àwọ̀n àti ọkọ̀ ojú omi ń pa á, ìjọba ń wò. Lọ́dún 2006 wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wá a kiri odò náà, wọn ò rí ẹyọ kan. Ìbátan rẹ̀ kan tí kò nímú gígùn ló kù, òun náà sì ń tán lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, wọ́n ti odò Yangtze pa fún iṣẹ́ ẹja fún ọdún mẹ́wàá. Apẹja tó lé ní 200,000 ló kúrò lójú omi, ìjọba sanwó fún wọn, ó ń wáṣẹ́ mìíràn fún wọn, ó tilẹ̀ gba àwọn kan síṣẹ́ olùṣọ́ odò.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Ìbátan baiji yẹn ńkọ́?

BÀBÁ TÍṢÀ: 1,012 ni wọ́n kà lọ́dún 2017. Lọ́dún 2022, ó di 1,249. Wọ́n pọ̀ sí i!

ÌYÁ ẸLẸ́JA: A jẹ́ pé ó ṣeé ṣe.

BÀBÁ TÍṢÀ: Ó ṣeé ṣe. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, pé wọ́n mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Kí Bràsíìlì sanwó fún apẹja piracatinga bí Ṣáínà ti ṣe, kó sì fi ẹ̀ṣọ́ sórí odò.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Ooru ńkọ́? Ẹ̀ṣọ́ ò lè mú oòrùn.

BÀBÁ TÍṢÀ: Ẹ̀ṣọ́ ò lè mú un. Àwọn tó fọwọ́ sí ìwé epo ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá yẹn lọ̀rọ̀ kàn. Wọ́n mọ ohun tó pa boto ní Tefé. Kí wọ́n gba ìwé náà padà.