Oúnjẹ Dírẹ́bà ní Ọ̀rẹ̀

Ahun ni mí. Mi ò fi ṣe fáàrí, ṣùgbọ́n bí mi ò bá kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀, ohun tí mo fẹ́ rò yìí ò ní yé yín. Ọmọ mi obìnrin ń kàwé ní Bìní, ìyẹn ló ń gbé mi gba ọ̀nà ibẹ̀. Owó ọkọ̀ kì í dùn mí, torí gbogbo wa la jọ ń san iye kan náà ní páàkì, a ó sì jọ bú onímọ́tò. Ohun tó ń dùn mí ni Ọ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yẹn rí mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ ó kúrò ní Jíbówú, ní Èkó, ní kùtùkùtù, ẹ ó já sí Ṣàgámù, ẹ ó kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, oorun ó gbé yín lọ. Ìgbà tí ẹ bá máa lajú, ọkọ̀ ti yà kúrò lójú títì, dírẹ́bà ti pa á, ó ti bọ́ sílẹ̀, ó sì ti wọ ilé oúnjẹ lọ láìwẹ̀yìn. Kò bi yín bóyá ebi ń pa yín. Ọ̀rẹ̀ lẹ dé yẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tó ti Oǹdó wá, tó ń lọ sí Òkìtìpupa, ti dábùú ọ̀nà Bìní. Ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ Onitsha, ti Warri, ti Port Harcourt, àti èyí tó ń gba Òkene lọ sí Àbújá ti máa ń sinmi. Ní 1967, níbẹ̀ ni wọ́n ti dá àwọn ọmọ ogun Biafra tó ń bọ̀ wá sí Èkó dúró, tí àwọn èèyàn wa fi ń sọ ọ́ títí dòní pé ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀. Ogun yẹn parí ní 1970. Ogun owó ẹran ò tíì parí.

Ìka ló kọ́kọ́ kó bá mi. Ilé oúnjẹ tí ọkọ̀ wa yà sí nígbà náà ò kọ iye owó kankan sára ògiri. A tò síwájú gíláàsì, ọmọbìnrin kan tó fi nẹ́ẹ̀tì bo irun wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìgbakọ lọ́wọ́. Ó ní, "Dádì, kí lẹ máa jẹ?" Mo ní ẹ̀bà àti ẹ̀gúsí. Ó ní ẹran ńkọ́? Mo na ìka sí ọ̀kan. Ó bù ú. Mo tún na ìka sí òmíràn láti fi yé e pé èyí tó lọ́ràá díẹ̀ yẹn ni mo ní lọ́kàn, ó bu ìyẹn náà lé e. Mo ju ọwọ́ pé rárá, ọwọ́ mi sì ṣe kòńgẹ́ abọ́ pọ̀nmọ́. Ó bu pọ̀nmọ́ méjì. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi ti ń pòṣé, ìtìjú ò sì jẹ́ kí n sọ pé kó dá ẹran padà sínú ọbẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbowó, ó pe iye kan, mo bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló ń bá wí. Náírà 7,800 ni. Mo san án. Mo jókòó, mo yí ẹran tó tóbi jù nínú wọn padà. Iwájú rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, ó ká kò bí etí. Ẹni tó gé e mọ iṣẹ́: ó gé e kó lè dára ní wíwò láti òdìkejì gíláàsì.

Omi náà ńkọ́? Omi inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà ní 50 náírà ní àdúgbò mi, 100 ni níbẹ̀, bí ẹ bá sì ní kò tutù, wọ́n á ní ẹ lọ ra ti inú ike. Ẹ ó ra omi lówó gọbọi, ẹ ó tún sanwó ilé ìtọ̀ kí ẹ tó rí i tọ̀ dà nù.

Mo mọ̀ pé gbogbo ohun tí mọ́tò ń kó ti gbówó lórí láti oṣù karùn-ún 2023, tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Mo mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ń tan iná. Ìyẹn ò ṣàlàyé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún mi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó hù sí ẹ̀yìn ilé wọn, tí èèyàn lè máa rí láti ojú fèrèsé bó ṣe ń jẹun, wọ́n dín in, wọ́n sì tà á fún mi ní iye tí ọjà Mile 12 ò lè pè láéláé.

Ìgbà tí mo ti ń lọ tí mo ń bọ̀ ni mo tó wá rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Dírẹ́bà kì í sanwó oúnjẹ níbẹ̀. Òun àti ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ ní tábìlì tiwọn lẹ́yìn, ẹran tiwọn kì í ká kò, omi tiwọn máa ń tutù. Bó bá wù ú, ó lè kó èrò rẹ̀ lọ sí ilé oúnjẹ kejì lọ́la, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kẹ́ ẹ. Àwa ńkọ́? Ibo la fẹ́ lọ? Lójú ìyá olóúnjẹ, dírẹ́bà ni oníbàárà, àwa ni ọjà tó kó wá. Àwọn tó ń wọ ọkọ̀ òfúrufú pàápàá ò bọ́ nínú rẹ̀: láti 2006 tí ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfúrufú ti fòfin de omi tó bá ju mílílítà 100 lọ, ẹni tó bá ju ike omi rẹ̀ nù lẹ́nu ọ̀nà á tún òmíràn rà nínú lọ́hùn-ún, iye tí wọ́n bá sì pè ni.

Mo wá ní kò burú, n ó máa gbé oúnjẹ mi láti ilé. Ìyàwó mi ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi búrẹ́dì àti ẹyin sí báàgì yín." Mo ní búrẹ́dì kì í ṣe oúnjẹ àgbà. Ẹ̀wà ni mo fẹ́, ẹ̀wà tí epo pupa bò mọ́lẹ̀, nínú fúláàsì. Èmi fúnra mi ni mo dé ọmọrí rẹ̀, mo sì tì í sábẹ́ ìjókòó. Ọ̀nà Ṣàgámù sí Bìní kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń gbé epo pupa gbà. Kí a tó dé Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọrí ti ṣí, epo ti ń ṣàn lọ sẹ́yìn ọkọ̀, kò sì dúró títí tó fi bá báàgì obìnrin kan tó ń lọ sin ìyá rẹ̀ ní Warri. Aṣọ funfun tó fẹ́ wọ̀ níbi òkú wà nínú báàgì náà.

Ẹkún tó sun, n kò mọ èyí tó jẹ́ ti ìyá rẹ̀ nínú rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ti aṣọ. Gbogbo ọkọ̀ dá mi lẹ́bi. Bàbá kan ní kí n fi oúnjẹ tù ú nínú tí a bá dé Ọ̀rẹ̀, mo sì gbà kí n tó ronú. Obìnrin yẹn ò na ìka sí ẹran rárá o. Orúkọ ló ń pè: ṣàkì, bọ̀kọ́tọ̀, ẹja gbígbẹ, ìgbín. Ó ní kí wọ́n di díẹ̀ sọ́rá fún àbúrò òun tó ń dúró de òun. Mo san gbogbo rẹ̀, mo san owó ọṣẹ. Lẹ́yìn náà ni mo bọ́ síta lọ jẹ ìsàlẹ̀ fúláàsì.

Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ì bá ti jáwọ́. Èmi ò jáwọ́, torí tábìlì ẹ̀yìn yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí mo tún ń lọ, mo dé fìlà ojú oòrùn, mo fi táwẹ́ẹ̀lì kékeré kọ́ ọrùn, mo mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi kan tó ti kú sílé láti ọjọ́ pípẹ́ dání. Bí ọkọ̀ ṣe dúró, mo jẹ́ kí gbogbo èrò gba iwájú wọlé, èmi gba ẹ̀yìn. Mo ń fi kọ́kọ́rọ́ lu itan.

Ìyá olóúnjẹ ní, "Ẹ kú ọ̀nà o, ọ̀gá awakọ̀."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. Ọ̀nà yìí ò dáa mọ́ rárá."

N kò tíì jókòó tán tí wọ́n ti gbé iyán dé. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́ fún yín, n kò rí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ níbi ìgbéyàwó ara mi. Ẹran mẹ́rin, ẹran gidi, tó ní iwájú tó sì ní ẹ̀yìn. Orí ẹja kan jókòó sáàárín wọn. Mo kó sí i. Mo ti jẹ ẹran mẹ́ta nígbà tí Màmá mú ìwé kékeré kan dé, ó ní èrò mélòó ni mo kó. Mo ní méjìdínlógún. Ó bojú wo iwájú ilé. Ó ní n kò kó wọn wọlé ni? Mo ní wọ́n ń na ẹsẹ̀ ni. Ó bá rán ọmọkùnrin kan níta pé kó lọ pe èrò ọkọ̀ ọ̀gá wá jẹun.

Ọmọ náà pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Ó ní òun ti yí gbogbo ibẹ̀ ká, ọkọ̀ kan ṣoṣo tí dírẹ́bà rẹ̀ ò tíì sọ orúkọ ni èyí tó wà lábẹ́ igi. Ó ní, "Èrò kan ló wà nínú ẹ̀, Mà. Ó wà nínú pósí."

Gbogbo tábìlì dákẹ́. Mo ronú pé bóyá kí n gbà pé tèmi ni. Ọkùnrin tó jókòó tì mí, tó ti ń jẹ fùfú rẹ̀ jẹ́jẹ́ láti ìgbà tí mo ti dé, gbójú sókè. Ó ní, "Ọkọ̀ mi nìyẹn."

Láti tábìlì tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni dírẹ́bà wa ti sọ̀rọ̀. "Ṣé kì í ṣe bàbá tó jókòó sẹ́yìn mi nìyí? Tí wọ́n ti ń kígbe láti Èkó pé kí n má sáré?"

Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, Màmá ò bú mi. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó jókòó síwájú mi, ó ka ẹran tó kù, ó ka egungun èyí tí mo ti jẹ, ó tú orí ẹja wò láti mọ̀ bí mo ṣe bá a dé. Oúnjẹ dírẹ́bà, ní iye tí èrò ń san: náírà 14,500. Owó ọwọ́ mi ò tó o. Mo fẹ́ fi fóònù ránṣẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Ọkọ̀ wa ti ń fọn fèrè, àwọn èrò ti ń yọjú lójú fèrèsé, níkẹyìn dírẹ́bà ló bá mi san èyí tó kù, ó sì rí i dájú pé kò sẹ́ni tí kò gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí ó tó ta ọkọ̀ ní iná.

Láti ibẹ̀ lọ, mi ò lórúkọ mọ́. Awakọ̀ kejì ni wọ́n ń pè mí. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ṣí fèrèsé, awakọ̀ kejì ló ń bẹ̀. Obìnrin kan ní kí n wo bóyá epo máa gbé wa délé. Mo ń rín ẹ̀rín ẹni tí kò lè bínú.

A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ofosu tí táyà ẹ̀yìn bẹ́. Dírẹ́bà pa ọkọ̀, ó na ara rẹ̀, ó fa jáàkì àti sípánà yọ, kò sì bọ́ sílẹ̀. Ó yíjú sẹ́yìn, ó nà wọ́n sí mi. Gbogbo ọkọ̀ ń wò mí. Mo sọ̀kalẹ̀. Mi ò tíì tú táyà rí láyé mi, ṣùgbọ́n mo ti jẹ oúnjẹ iṣẹ́ náà.