Ẹ Fún Un Lépo Pupa!

Ìwé ló kó bá mi. Mo ka ìtàn ilé eré kan tó wà ní àdúgbò Pigalle, ní ìlú Paris láyé àtijọ́, Grand-Guignol ni wọ́n ń pè é, mo bá rò pé ẹni tó ti gbọ́ ìtàn ọbẹ̀ ti mọ ọbẹ̀ sè nìyẹn.

Oscar Méténier ló dá a sílẹ̀ ní 1897, nínú ilé kékeré kan tó ti jẹ́ ilé ìjọsìn rí. Ìjókòó 293 péré ló gbà. Àwọn áńgẹ́lì tí wọ́n gbẹ́ sókè ilé ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń wo bí wọ́n ṣe ń yọ ojú èèyàn nísàlẹ̀. Eré kúkúrú-kúkúrú ni: wọ́n á ṣe ọ̀kan tó ń dẹ́rù bani, wọ́n á fi apanilẹ́rìn-ín lé e, wọ́n á tún dẹ́rù bani. André de Lorde nìkan kọ eré tó lé ní 100 fún wọn. Paula Maxa, òṣèrébìnrin wọn, wọ́n ní wọ́n ti pa á lórí ìtàgé ju ìgbà 10,000 lọ. Max Maurey tó gba ibẹ̀ lọ́wọ́ Méténier ní tirẹ̀ a máa fi iye òǹwòran tó dákú wọn bí eré ṣe dára tó, ó sì gba dókítà síbẹ̀. Ọdún 1962 ni wọ́n tó tilẹ̀kùn.

Dókítà yẹn ló wọ̀ mí lójú. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣètò àjọ̀dún eré kúkúrú ní Ìbàdàn, eré ẹ̀rù àti eré ẹ̀rín tó fi ikú ṣẹ̀fẹ̀, mo ní kí wọ́n fún mi láyè méjì, kí wọ́n sì bá mi wá nọ́ọ̀sì kan.

Eré ẹ̀rù mi dá lórí àkúdàáyà. Ọkùnrin kan fẹ́ obìnrin kan, ilé tòrò, ọjà ń tà. Lọ́jọ́ kan àbúrò ọkọ dé láti Òkè-Ògùn, ó rí ìyàwó, ó pe orúkọ tí kò yẹ kó mọ̀, ó ní, “Ṣebí ìwọ la sin lọ́jọ́sí?” Iná á kú. Nígbà tó bá máa fi tàn, ìyàwó ti pòórá, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà lẹ́nu àbúrò ọkọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀jẹ̀ náà. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, òṣèré Fádèyí Olóró kò fi ẹ̀jẹ̀ dẹ́rù bà wá nínú eré Àrélù, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló ń fi lé wa sábẹ́ ibùsùn. Mo mọ èyí. Ṣùgbọ́n ìwé Paris ló wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀jẹ̀ ni mo sì fẹ́. Mo se òdòdó ìṣápá pupa, sóbò tí gbogbo wa ń mu yìí náà, mo da ṣúgà sí i, mo fi ògì mú un ki. Pupa rẹ̀ gún régé débi pé ìyàwó mi kò jẹ́ kí n gbé e sínú fíríìjì.

Bùbá funfun tí òṣèré máa wọ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Bàbá ìyàwó mi ni mo yá a lọ́wọ́ wọn, iwájú pátápátá ni wọ́n sì ti ní àwọn máa jókòó. Mo bá ronú kan ọgbọ́n: bí mo bá da ọṣẹ ìfọṣọ sínú ẹ̀jẹ̀ ńkọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ náà kò ní máa fọ ara rẹ̀ bó ṣe ń dà sáṣọ? Inú mi dùn sí ara mi gan-an. Mo bu ọṣẹ sí i lóru nínú òkùnkùn, mo dì í sínú ọ̀rá dúdú kéékèèké, mo sùn. Ẹ wò ó, kíkan sóbò ló ń mú un pupa. Bí ọṣẹ bá ti pa kíkan yẹn, pupa náà á bá a lọ, ohun tó kù á di aláwọ̀ aró. N kò mọ̀. Kò sì wá sí mi lọ́kàn pé ẹnu ni ọṣẹ yẹn máa kọ́kọ́ kàn kó tó kan bùbá.

Ọmọkùnrin tó ń tọ́jú iná bi mí pé, “Ọ̀gá, ṣé kí n fi díẹ̀ sílẹ̀?” Mo ní ó tì o, òkùnkùn biribiri ni mo fẹ́.

Àsìkò tó, iná kú. Mo fetí sílẹ̀ kí n gbọ́ igbe. Ẹnì kan pòṣé. Ẹlòmíì ní, “Wọ́n tún ti mú un lọ.” Ọkùnrin kan ń béèrè lẹ́yìn bóyá epo wà nínú jẹnẹrétọ̀. Kí n tó mira, gbogbo gbọ̀ngàn ti tan tọ́ọ̀ṣì fóònù wọn, tọ́ọ̀ṣì gbogbo sì bá àkúdàáyà mi lórí ìkúnlẹ̀, bàtà lọ́wọ́, tó ń rákò lọ sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni. Bí ojú rẹ̀ ṣe ṣe mẹ́rin pẹ̀lú tàwọn àgbà, ó ní, “Ẹ kú ìjókòó o,” ó sì ń rákò rẹ̀ lọ.

Iná tàn. Gbogbo ilé pariwo, “Ọ̀pù NẸ́PÀ!” Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Àbúrò ọkọ bá ge ọ̀rá ẹnu rẹ̀ jẹ. Ìfóófó aláwọ̀ aró bẹ̀rẹ̀ sí í hó jáde, ó ń gba ihò imú, ó ń gba àgbọ̀n, ojú òṣèré náà rọ nítorí pé ọṣẹ korò. Ìyá àgbà kan fò dìde: “Wọ́n ti fún ọmọ ọlọ́mọ ní májèlé jẹ! Ẹ fún un lépo pupa!” Ẹ má rò pé àwàdà ni. Ẹnì kan sáré lọ sọ́dọ̀ olóúnjẹ tó wà níta, ó bu epo wá sínú ife, ó gun orí ìtàgé. Òṣèré náà ti búra fún mi pé òun kò ní bọ́ sílẹ̀ nínú ipa òun, ó gbà á, ó sì mu ún. Nọ́ọ̀sì tí mo ní kí wọ́n pè ni wọ́n ń gbé omi fún, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Bàbá ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín. Bùbá wọn ni wọ́n ń wò.

Ó wá ku eré ẹ̀rín. Oníṣòwò pósí ni mo fi ṣe, ọjà rẹ̀ kò tà. Pósí gidi ni mo fẹ́ lò, mo rà á lọ́wọ́ káfíńtà kan lórí àdéhùn pé màá dá a padà. Awakọ̀ Micra àkọ́kọ́ tí mo dá dúró bi mí pé ta ló kú. Mo ní kò tíì sẹ́ni tó kú. Ó gbé pósí mi sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lórí ìtàgé, oníṣòwò yìí kúnlẹ̀, ó ń gbàdúrà. Ọlọ́run ọba, má jẹ̀ẹ́ kí ọjà mi kùtà lóṣù yìí. “Àmín!” Jẹ́ kí oníbàárà pọ̀. “Àmín!” Kí wọ́n wá láti gbogbo ilé tó wà ládùúgbò yìí. “Àmín, láṣẹ Èdùmàrè!” Àmín tiwa kì í dúró gbọ́ àdúrà tán. Ìgbà yẹn ni ojú wọn wá kúrò lára rẹ̀, tó bọ́ sórí pósí tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò wúkọ́. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dìde, ó ní, “Ẹ dákun, ẹ dá eré yẹn dúró ná. Àmín tí mo ṣe lẹ́ẹ̀kan, mo gbà á padà.” Ni gbogbo wọn bá ń ta ìka yí orí ká. Òṣèré mi wò mí, mo wo ilẹ̀. Ìgbà tó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, tó bẹ Ọlọ́run pé kí ọjà òun má tà mọ́ títí láé, ni ara tó rọ̀ wọ́n, Àmín tó tẹ̀lé e mi òrùlé. Àwọn tó ṣètò àjọ̀dún ní kí n kúkú parí rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀rù tí mo fi ẹ̀jẹ̀ wá tì, pósí òfìfo ló bá mi rí i, nínú eré tó yẹ kí wọ́n ti rẹ́rìn-ín.

Bùbá náà kò mọ́ mọ́. Mo ra tuntun.

Ní ti pósí, káfíńtà kọ̀ ọ́ délẹ̀délẹ̀. Ó ní irú ọjà yẹn kì í jáde lọ kó tún padà wálé ní òfìfo, àti pé ta ló fẹ́ ra pósí tòkunbọ̀? Ẹ̀yìn ilé wa ló wà báyìí, a fi tapólì bò ó. Ìyàwó mi ti gbà mí nímọ̀ràn. “Bàbá Ìbejì, ẹ tún kọ eré mìíì. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n sin pósí yẹn níparí eré.”