Àkísà Àgbà Lọ́rùn Ọmọdé

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa tó ń gé fídíò ìgbéyàwó jẹun. Láìpẹ́ yìí ló ra kọ̀ǹpútà ní ọjà Ọtígbà, n'Ìkẹjà, ó sì ránṣẹ́ pè wá pé ká wá bá òun yọ̀. Ká sòótọ́, ohun tó gbé kalẹ̀ rẹwà. Gíláàsì dúdú ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Fáànù mẹ́ta wà níwájú rẹ̀ tí iná wọn ń pọ́n, tó ń di àwọ̀ ewé, tó ń di àwọ̀ aró, tó tún ń pọ́n padà, láìsí ẹni tó bi í. Wọ́n kọ GAMING gàdàgbà sí iwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó rà á kò ráyè ta ayò ọlọ́pọ́n, áńbọ̀sí géèmù.

"Alàgbà, i7 nìyí o," ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo rìsíìtì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀."

Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ lóòótọ́: i7 870.

Ẹni tí kò sí nínú ọ̀ràn kọ̀ǹpútà lè má mọ ibi tí ẹ̀rín wà, ẹ jẹ́ kí n là á. Ilé-iṣẹ́ Intel gbé ṣíìpù kan jáde ní 2009, orúkọ rẹ̀ ni i7-870. Ní 2017, wọ́n gbé òmíràn jáde, ìyẹn ń jẹ́ i7-8700. Òdo kan ṣoṣo ló ya orúkọ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́jọ ló wà nínú òdo yẹn. Ọmọkùnrin wa ti gbọ́ ìròyìn 8700 lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dé ìsọ̀, oníṣọ́ọ̀bù pe i7, ó pe mẹ́jọ, ó pe méje, ó pe òdo, ó sì dákẹ́. Etí oníbàárà ló fi òdo kejì kún un. Kò sí àgọ́ ọlọ́pàá tí a lè mú oníṣọ́ọ̀bù lọ. Òótọ́ ló sọ, òótọ́ ló kọ, ó tún buwọ́ lù ú.

Mo tan iná fóònù mi wo inú gíláàsì náà. Mọ́dábọ́ọ̀dù ọ́fíìsì ló wà níbẹ̀, irú èyí tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣírò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ nílùú òyìnbó kan. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́. Wọ́n ti ha orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá ihò kéèsì mu, ni wọ́n bá gé páálí dí àlàfo tó ṣẹ́ kù, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà dúdú. Ṣùgbọ́n ihò roboto méjì, ọ̀kan àwọ̀ ewé, ọ̀kan àwọ̀ àlùkò, yọjú lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí a ti ń ki máúsì àti kíbọ́ọ̀dù ayé ìjọ́un bọ̀ ọ́. Kò sí ọ̀dà tó bo ìyẹn.

Ibẹ̀ ni òwe àwọn baba wa ti sọ sí mi lọ́kàn: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Owó lè ra aṣọ, ọdún nìkan ló ń sọ ọ́ di àkísà. Àwọn tó pa òwe yìí kò dé Ọtígbà. Ní Ọtígbà, ọmọdé ń ní àkísà bí àgbà dáadáa. Wọ́n á wé e fún un nínú ọ̀rá, wọ́n á fún un ní gáráǹtì ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á sì bá a gbé e dé ìdí ọkọ̀.

Ẹ dúró díẹ̀ lójú ìsọ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tí àwọn oníbàárà ń bèèrè. Ṣé iná rẹ̀ máa ń yí àwọ̀? Ṣé ó ní rìmóòtù? Ṣé iná náà lè máa tẹ̀lé orin? Nígbà tí a bá fẹ́ gbé ìyàwó, alárinà á wádìí wò: ṣé wèrè kò sí nídìílé wọn, ṣé wọn kì í jẹ gbèsè, ta ni bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí yóò gbé owó oṣù mẹ́ta mì, a kò béèrè ọdún tí wọ́n bí i. A rí iná, a sanwó.

Iná kì í sì í gé fídíò. Alẹ́ tí ọmọkùnrin wa kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́, ilẹ̀ mọ́ bá a lórí rẹ̀. Ìyàwó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kò tíì wọlé, bẹ́ẹ̀ ni fáànù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jó, tí jẹnẹrétọ̀ ń mu epo nítorí ijó wọn. Mo bi í pé báwo ló ṣe rí i.

"Alàgbà, ó ń falẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó bá ti wọlé tó rí i, kì í ná ọjà mọ́."

Mo ti múra láti bínú, ẹ̀rín ló pa mí. Òmùgọ̀ tí mo wá wò ti mọ ohun tó rà ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọn tó ń gbé fídíò wọn fún un nítorí iná, àwọn wo ni ká wá pè ní òmùgọ̀?

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò bá mọ́dábọ́ọ̀dù ọdún 2009 jà. Nínú gbogbo ìtàn yìí, òun nìkan ni kò fi ọjọ́ orí rẹ̀ pa mọ́: ẹ tan án, ẹ wọ ibi ètò rẹ̀, yóò kọ irú ẹni tó jẹ́ sójú kọ̀ǹpútà fún yín. Ráàmù DDR3 tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú, ó lè gbà á dé 16GB. Ẹ yọ háàdì tó ń yí gìrìgìrì nínú rẹ̀, ẹ fi SSD kékeré rọ́pò, ẹ gbé Linux lé e lórí. Lẹ́tà ni, ìṣirò owó ìjọ ni, èsì ìdánwò ọmọ iléèwé ni, kò sí èyí tí kò ní ṣe. Akọ̀wé tó mọṣẹ́ ni. Ẹni tó fi akọ̀wé ṣe oníjó ni kó wá rojọ́.

Ibi tó sì yẹ kó máa gbé ni kéèsì àtijọ́, àwọn onírin wúwo tí àwọ̀ wọn ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí ẹ̀ ń fi ti ilẹ̀kùn nílé. Ní 1995 ni Intel gbé ìlànà ATX kalẹ̀: ibi tí ìṣó yóò wà, bí ẹnu wáyà iná yóò ṣe rí, bí pátákó mọ́dábọ́ọ̀dù yóò ṣe tóbi tó, mílímítà 305 sí 244. Láti ìgbà náà di òní, àwọn ihò ìṣó yẹn kò ṣípò. Kéèsì ATX ọdún 1998, pátákó tí wọ́n ṣe lọ́dún yìí yóò jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Páwá-pákì nìkan ni kí ẹ pààrọ̀, ẹ má fi ti àtijọ́ dán ẹ̀mí ẹ̀rọ wò. Nínú ayé tí ẹnu ṣájà fóònù kì í dúró lójú kan, n kò mọ ọ̀pọ̀ ohun tó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró fún ọgbọ̀n ọdún bẹ́ẹ̀. Èrè rẹ̀ ni pé a tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, a wọ̀n ọ́n ní kílò fún àwọn tó ń ra irin, kí a lè rówó kún owó ra oníke tó ń tàn.

Àìsàn àwọn arúgbó yìí kò tiẹ̀ ṣòro wò. Kapásítọ̀ tí orí rẹ̀ wú, ẹnjiníà tó mọ òjé jó yóò yọ ọ́, yóò fi tuntun sí i. Bátìrì roboto CR2032 máa ń kú. Bó bá kú, aago ẹ̀rọ á gbàgbé ọjọ́ òní, á padà sí ọdún kan sẹ́yìn tó jìnnà. Mo gbà pé bátìrì yìí ti tú àṣírí òǹtajà tó pọ̀ ju ọlọ́pàá lọ.

Àwọn tí mo ń bínú sí gan-an kò sí ní Ọtígbà. Ní apá òpin ọ̀rúndún tó kọjá, Dell mú ẹnu wáyà iná ATX tí gbogbo ayé ń lò, èyí tó rí bákan náà, tó ń wọ ihò bákan náà, wọ́n sì yí ipò àwọn wáyà inú rẹ̀ padà. Ẹ mú pátákó Dell ìgbà náà, ẹ so ó mọ́ páwá-pákì ọjà. Yóò wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Yóò sì jó. Ká ní ẹnu rẹ̀ yàtọ̀ ni, à bá mọ̀ pé kì í ṣe ti wa, a ó fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Kò yàtọ̀. Ta ló jókòó síbi tábìlì kan tó ro irú èyí?

Microsoft tẹ̀lé e. Ní oṣù kẹwàá 2021, wọ́n gbé Windows 11 jáde, wọ́n ní ẹ̀rọ tí kò bá ní ẹ̀yà ààbò TPM 2.0, tàbí tí ṣíìpù Intel rẹ̀ kò bá dé ìran kẹjọ, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀, kí ó dúró síta. Ìran kẹjọ náà kò ju nǹkan bí ọdún mẹ́rin lọ nígbà yẹn. Nígbà tó di 14 oṣù kẹwàá 2025, wọ́n ní ìtọ́jú Windows 10 ti parí fún ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún. Ẹ̀rọ tó jí ní òwúrọ̀ láìní àìsàn kankan sùn lálẹ́ gẹ́gẹ́ bí arúgbó. Òwe wa kò ro tèyí náà. Ọmọdé kò tíì gbó aṣọ rẹ̀, ẹlòmíràn ti dìde ní òkèèrè, ó ní àkísà ni.

Ibo ni àkísà wọ̀nyí ń lọ? Ìròyìn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé 62 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ iná ni ayé sọ di ìdọ̀tí ní 2022, kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ tí àkọsílẹ̀ fi hàn pé wọ́n kó jọ tún lò. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 rí i pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ló ń gba ibẹ̀ wọlé lọ́dún. Inú ọkọ̀ tokunbọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù lọ gbà wọlé, wọ́n há a mọ́ bọ́ọ̀tù àti abẹ́ ìjókòó. Ó kéré tán, ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ rárá. Ní báyìí tí Microsoft ti lé àwọn i7-6700 àti i7-7700 kúrò lọ́fíìsì, ẹ mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bọ̀.

Ẹ̀rọ dáadáa ni wọ́n o. Bí ẹnì kan bá tà á fún yín nínú kéèsì tó bá a wá sáyé, tó sọ ọdún rẹ̀, tó sọ pé Windows 11 kò ní gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ẹ sanwó, kí ẹ sì gba nọ́ńbà fóònù irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ inú gíláàsì ló ti ń tàn, ẹ ní kí ó ṣí i kí ẹ rí ohun tó wà lórí pátákó. Yóò ní rárá, pé ẹni tó bá ṣí i ti ba gáráǹtì jẹ́. Ẹ bi í tìfẹ́tìfẹ́ pé gáráǹtì ọdún wo.